Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ilé ìtura alárìíyá létí òkun ní oṣù Kejìlá

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ìbátan wa ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá lo ìparí ọdún ní Èkó, wọ́n sì ní ilé ìtura tí òru rẹ̀ kì í dákẹ́, nítòsí etí òkun Ẹlẹ́gúṣì tàbí Ọnírù, ni àwọn ń fẹ́. Àǹtí wa àgbà wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni àǹtí yìí kò lè sùn níbi ariwo. Kí ni ó yẹ kí n béèrè kí n tó sanwó?

Ará Ajah: Ẹ wo yàrá kí ẹ tó wo ilé ìtura. Níbi omi ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí lórí òrùlé ni ijó ti sábà máa ń wáyé, nítorí náà ẹ gba yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibẹ̀ fún àǹtí yín, kí ẹ sì béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, torí pé ẹni tó sá fún ìlù tí wọ́n wá fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ kò tíì sùn. Bí ààyè bá wà, ẹ lọ wo ibẹ̀ ní alẹ́ Sátidé. Gbogbo ilé ìtura ló ń dákẹ́ ní ọ̀sán Túsìdeè.

Òṣìṣẹ́ ilé ìtura, Victoria Island: Ẹ béèrè bóyá owó orí wà nínú iye tí wọ́n pè. Ìjọba àpapọ̀ ń gba 7.5% lórí ọjà àti iṣẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ń gba 5% tirẹ̀ lórí ilé ìtura, èyí tó túmọ̀ sí pé yàrá tí wọ́n pè ní ₦100,000 láìka owó orí mọ́ ọn lè di ₦112,500. Ẹ gba ìwé lórí owó ìdógò àti ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà, ẹ má sì san kọ́bọ̀ sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ tún béèrè bóyá àlejò tó sùn níbẹ̀ yóò san owó ẹnu ọ̀nà ní alẹ́ àríyá. Àwọn kan ń gbà á, ojú kì í sì í tì wọ́n.

Ìyá kan ní Sùúrùlérè: Ẹ má tìtorí owó gba yàrá ní Ìkẹjà kí ẹ máa wá gba afárá Third Mainland kọjá lálaalẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oṣù Kejìlá yóò jẹ owó náà tán. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò àtijọ́, nítorí iṣẹ́ ọ̀nà Èkó sí Calabar, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ti yí apá kan etí òkun Victoria Island padà. Bí àwọn ìbátan yín bá fẹ́ dé etí òkun Tarkwa Bay, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, kí wọ́n wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ti mutí kò gbọdọ̀ wọ òkun rárá, nítorí ìgbì ibẹ̀ a máa fa èèyàn lọ.

Olùbéèrè: Mo dúpẹ́ gan-an. Ṣé kí n kúkú gba ibòmíràn fún àǹtí?

Ará Ajah: Bí owó bá tó, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá ilé onífúláàtì tí wọ́n ń yá fún ọjọ́ díẹ̀ ní àdúgbò kan náà, níbi tí àwọn ìbátan yín yòókù lè rìn dé láàárọ̀ láti wá jẹun.