Kí ló dé tí wọ́n fi Ìbàdàn sí Aw?

Ìyá Ìbejì, Apáta:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àwọn ọmọ mi ń múra WAEC, ìwé Jọ́gíráfì wọn sì pe ojú ọjọ́ Ìbàdàn ní Aw, ti ilẹ̀ ọ̀dàn. Gbogbo òjò tó ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi yìí, ṣé wọn ò kà á ni?

Tíṣà Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n kà á, àmọ́ oṣù tó gbẹ jù ni wọ́n fi ń dájọ́. Wladimir Köppen, onímọ̀ ojú ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ ní Hamburg ní Jámánì, ló gbé ètò tó ń fi lẹ́tà pín ojú ọjọ́ ayé yìí kalẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló kọ́kọ́ kọ́, ìyẹn ló fi ń wo ohun tó lè hù níbì kan. A ni ilẹ̀ olóoru, B ilẹ̀ gbígbẹ, C ibi tó mọ níwọ̀n, D ibi tí òtútù ti ń mú gan-an, E ibi tí kò sí oṣù tí ooru rẹ̀ tó 10°C.

A la wà, torí oṣù tó tutù jù níbí kì í lọ sábẹ́ 18°C. Bí oṣù kọ̀ọ̀kan bá ní òjò tó tó mìlímítà 60, Af ni, ti igbó kìjikìji. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi 25 pín òjò ọdún, kí ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 100. Ká ní tiwa jẹ́ 1,250, 50 ló kù. Oṣù tó gbẹ jù gbọ́dọ̀ ní tó 50 ká tó di Am, ti ibi tí òjò rẹ̀ pọ̀ àmọ́ tó ní ẹ̀rùn kúkurú; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, Aw ni. Oṣù Kìíní Ìbàdàn kẹ̀? Ọdún mìíràn, kì í kán rárá! Calabar tí òjò rẹ̀ ń lọ sí 3,000 ni Am tọ́ sí.

Àdìsá, Mọ́kọ́lá:
Tíṣà, Jos ni mo ti sìnrú ìlú. Ẹ má sọ pé A nìyẹn náà o, kóòtù ni mo ń wọ̀ sùn!

Tíṣà Àgbà:
A ni, Àdìsá. Òru lò ń rántí. Ọ̀sán àti òru ni wọ́n jọ ń ṣírò pọ̀. Maiduguri ló bọ́ sí B. Òjò ọdún London ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti Maiduguri lọ, síbẹ̀ C ni London, torí oòrùn ibẹ̀ kò lágbára àtifa omi náà gbẹ. Ibi tí mo ti gba ti Köppen nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Apáta:
Ó yé mi, ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé kí wọ́n há ìṣirò yẹn sórí?

Tíṣà Àgbà:
Rárá o. Kí wọ́n mọ 18 àti 60 dájú, kí wọ́n sì máa fi tábìlì òjò àti ooru oṣù méjìlá dánra wò.