Èsì: Ìjánu ni, kì í ṣe ìdákọ̀dúró

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo ka èsì tí Ọ̀gá wa láti Oǹdó kọ sí mi lálẹ́ àná, mo tún un kà, nítorí mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Ìdákọ̀dúró! Orúkọ tí wọ́n fún bíréèkì bàálù nìyẹn. Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí ìdí táyà, wọ́n ní ká máa pè é ní "òpó ìdákọ̀dúró". Wọ́n ní "iṣan ìjánu" tí èmi kọ, ọ̀rọ̀ àwọn elẹ́ṣin ni, pé bàálù ò lẹ́nu tí a ó fi nǹkan bọ̀.

Ẹni tí kò bá wa débẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe jẹ́ rèé. Àbúrò mi kan, ọmọ Àkúrẹ́ bíi tèmi, tó ń gbé Amẹ́ríkà, fọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù kékeré nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Òfin wọn lọ́hùn-ún fàyè gbà á, bó o bá ti lè fi hàn pé o ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ fúnra rẹ. (Mo kọ "kan bàálù", ẹnì kan ní "kọ́" ni. Ilé là ń kọ́. Nóà kan ọkọ̀ ni, kò kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.) Páìpù bíréèkì rẹ̀ ń jò, ó pààrọ̀ wọn, ó wá ní kí n bá òun kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Yorùbá, kí òun lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo kọ ọ́, mo fi síbí. Ni ìjà bá dé.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ Ọ̀gá wò. Ì, dá, ọkọ̀, dúró. Gírámà rẹ̀ dán. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí èmi àti Ọ̀gá. Ẹ yọ "dú" kúrò níbẹ̀: ìdákọ̀ró. Èyí tó wà nínú Hébérù orí 6 ẹsẹ 19. Irin tí wọ́n ń jù sómi kí ìgbì má baà gbé ọkọ̀ lọ. Ṣé kí àbúrò mi máa ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ látojú sánmà ni? Sílébù kan péré ló ya méjèèjì, bí ahọ́n bá sì ń sáré, yóò gbé e mì.

Ó kan ìjánu. Ọ̀gá ní já àti ẹnu ló wà níbẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ni ìjánu ń ṣe lẹ́nu ẹṣin? Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún nìkan ló ń rí ẹṣin ni yóò rò pé ká fi dá a dúró nìkan ni. Ẹ ka Jákọ́bù orí 3 ẹsẹ 3, ẹ ó rí i pé torí ká lè darí gbogbo ara ẹṣin ni. Ẹ fa tọ̀tún, ó yà sọ́tùn-ún. Ẹ fa méjèèjì pọ̀, ó dúró. Bíréèkì bàálù àbúrò mi nìyẹn gẹ́lẹ́! Kò dà bíi ti mọ́tò, tó jẹ́ pé pẹ́dà kan ló ń mú gbogbo táyà. Pẹ́dà méjì ló wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Bó bá tẹ òkè tọ̀tún, táyà ọ̀tún nìkan ló mú, tòsì náà bẹ́ẹ̀. Táyà kékeré iwájú kàn ń yí fàlàlà ni, kò sóhun tó ń darí rẹ̀. Nígbà tí bàálù bá sì ń rọra yí lórí ilẹ̀, tí atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu ìrù rẹ̀ kò tíì lágbára, bíréèkì ló fi ń yà. Bí páìpù òsì bá jò gbẹ, ọ̀tún nìkan ni yóò máa lè yà sí, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ẹ wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ elẹ́ṣin kò bá a mu. Ó bá bàálù mu ju mọ́tò lọ! Ilé là ń wò, Ọ̀gá.

Ẹ̀rí mìíràn. Nígbà tí lọ́rì bá sá lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ni Yorùbá ń wí? Bíréèkì já. Páìpù kì í já bí okùn. Jíjò ló sábà ń jò. Kí ló dé tí gbogbo ayé fi ń sọ pé ó já? Okùn ìjánu ló wà lọ́kàn wọn, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ọmọ FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́) tó ní "bíréèkì ni bíréèkì", mi ò bá a jà. Ọ̀rọ̀ ṣe é pè, ó sì ti di tiwa. Ìdákọ̀dúró ni mi ò gbà.

Ṣùgbọ́n ọmọ FUTA yìí náà jẹ̀bi tirẹ̀. Ó kọ "paipu to n jo" láìfi àmì kankan sí i. Jò ni àbí jó? Nínú ọ̀rọ̀ yìí, méjèèjì ṣeé ṣe, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Páìpù náílọ́ọ̀nù ni àbúrò mi lò tẹ́lẹ̀. Bíréèkì a máa gbóná, ooru rẹ̀ a sọ náílọ́ọ̀nù di rírọ̀. Ọ́ìlì pupa tó wà nínú rẹ̀, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti yọ ọ́, bó bá sì kán sórí irin gbígbóná, ó lè gbiná. Ó jò, ó wá jó. Ẹni tó ka jò á wá sípánà, ẹni tó ka jó á wá yanrìn. Ìdí tó fi rọ páìpù alumíníọ̀mù sí ìsàlẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó sọ pé bàálù ò lẹ́nu, ẹnu wà lórí páìpù yẹn o: wọ́n ní láti fẹ ẹnu rẹ̀ sí igun dìgírì 37, nígbà tó jẹ́ pé ti mọ́tò jẹ́ 45. Ẹni tó bá fi ẹnu mọ́tò há nọ́ọ̀tì bàálù, yóò tún jò.

"Omi ìdákọ̀dúró" tí Ọ̀gá sọ ọ́ìlì náà, mo fò ó. Kì í ṣe omi. Wọn kì í tiẹ̀ da ti mọ́tò sí i, yóò ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Èyí tí mi ò lè fò ni "ìṣẹ̀jẹ̀", orúkọ tí Ọ̀gá fún yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù bíréèkì, tí Òyìnbó ń pè ní "bleeding". Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́! Torí pé Òyìnbó ní ẹ̀jẹ̀ ló ń dà níbẹ̀, àwa náà á wá máa ṣẹ̀jẹ̀? Kì í ṣe ọ́ìlì là ń wá láti yọ, afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù ni. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀, ìdí tí pẹ́dà fi ń rọ̀ jọ̀kọ̀tọ̀ nìyẹn. Àbúrò mi ti ọ́ìlì láti ìdí táyà lọ sókè ni, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ta ló ń lé afẹ́fẹ́ látisàlẹ̀ wá sókè? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú, tí ìyá rẹ̀ gbé sí èjìká. Ìgùnfẹ̀! Bàbá mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún lọ́rì ṣe lójú ọ̀nà Oǹdó nínú Àkúrẹ́ níbí, a máa sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ ó gùnfẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé e." Òun náà ló ń pe ìjánu ní ùjánu. Ìyá wa tó wà ní Ìjàpọ̀ ní Yorùbá kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò nìyẹn, Mà, kì í ṣe ti Àkúrẹ́. Ulé ni wọ́n bí bàbá mi sí, uṣu ló jẹ dàgbà. Ọ̀gá tó ti Oǹdó wá náà mọ̀, wọ́n kàn dákẹ́ ni.

Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi kọ́ni ní Yorùbá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì dáhùn ti ìdákọ̀ró.

*

Ọ̀gá, láti Oǹdó:
O gbọ́n lẹ́nu bíi bàbá rẹ. Èmi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹṣin sára bàálù. Ìdákọ̀ró jẹ́ ti omi, ìdákọ̀dúró jẹ́ ti ilẹ̀. Ohun tí sílébù kan wà fún nìyẹn. Ti ìṣẹ̀jẹ̀, mo fi sílẹ̀ fún ọ.

*

Ìyá Ìjàpọ̀:
Gùfẹ̀ ni o, kì í ṣe gùnfẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni mo gbé sí èjìká. Níbo lẹ ti rí n?