Mustang V8 fún eré ràlì: èwo ló yẹ kí èèyàn rà?

Eruku_Pupa: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí èèyàn bá fẹ́ sọ Mustang V8 (ọkọ̀ Ford tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ) di ọkọ̀ ràlì, ìyẹn eré ìje tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi aago díje, fún ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ ní Amẹ́ríkà, èwo ló dáa: ti 1987 sí 1993, àbí ti 2015 sókè? Kí ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́?

Gíà_Kẹta: Ẹ ra ti àtijọ́. Táyà ràlì fún òkúta wẹ́wẹ́, rímù íǹṣì 15 ló pọ̀ jù fún un. Búréèkì Mustang GT (ti V8) tuntun ti tóbi ju kí rímù 15 wọ̀ ọ́ lọ. Ó tún wúwo: ó lé ní kílò 1,600, ti àtijọ́ ò ju bíi 1,450 lọ.

Ẹ́ńjìnnì? Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Agbára ẹṣin 225 ti ju ohun tí táyà ẹ̀yìn méjì lè lò lójú eruku. Abẹ́ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ náwó sí. Ibi tí apá axle ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) ti dè mọ́ ara ọkọ̀ máa ń ya. Ẹ jó irin kún un. Ẹ fi aluminiọ̀mù mìlímítà 6 bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, torí àwo ọ́ìlì rẹ̀ sún mọ́lẹ̀. Gíà T-5, ìyẹn àpótí gíà alọ́wọ́ tó bá ọkọ̀ náà wá, ló máa kọ́kọ́ fọ́: táyà á máa yí lófo, á ṣàdédé gbálẹ̀ mú, eyín gíà kẹta ló sì máa jẹ ìyà ẹ̀.

AbẹỌkọ̀: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ò tíì débi ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì iwájú ọkọ̀ yìí ò yí ṣọ́ọ̀kì ká, orí apá ìsàlẹ̀ ló jókòó lé. Tẹ́ ẹ bá wá fi ṣọ́ọ̀kì ràlì tó ní sípíríǹgì lára sí i, gbogbo ìwúwo iwájú á bọ́ sórí páànù òkè tí wọn ò ṣe fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi irin kún ibẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ya. Ẹ yọ differential (gíà inú axle ẹ̀yìn) 2.73 tàbí 3.08, ẹ fi 4.10 sí i: bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni ọkọ̀ ṣe ń tètè gbéra, àmọ́ eré ẹ̀ tó ga jù á dínkù. Eré márosẹ̀ kọ́ lẹ fẹ́ sá. Imú ẹ̀ wúwo, kò ní fẹ́ yà: ẹ tẹ búréèkì díẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí síárìn.

Ràlì64: Kì í kúkú ṣe àlá. Ní 1964, Bo Ljungfeldt fi Ford Falcon V8 gba ipò kejì nínú ràlì Monte Carlo. Lọ́dún yẹn náà, Mustang gbégbá orókè láàárín ọkọ̀ touring (ẹ̀yà ọkọ̀ tí èèyàn ń gùn lójoojúmọ́) nínú Tour de France àwọn ọlọ́kọ̀. Ojú títì ọlọ́dà ni ìyẹn ṣá, kì í ṣe orí òkúta wẹ́wẹ́.

Eruku_Pupa: Ẹ ṣeun. Ṣé táǹkì epo tó bá a wá lè dúró?

Gíà_Kẹta: Rárá o. Ẹ̀yìn axle ló wà, gbogbo òkúta ló máa lù ú. Táǹkì eré oní-rọ́bà ni kẹ́ ẹ gbé sínú bọ́ọ̀tù, kí páànù irin sì dí àárín ẹ̀ àti ibi tí awakọ̀ jókòó sí pa.