Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá lórí orúkọ Andrea

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ìyàwó mi bímọ láàárọ̀ yìí ní Padova, ní Ítálì níbí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn ti ń béèrè orúkọ tí wọn yóò kọ sílẹ̀. Andrea ni ìyàwó mi fẹ́. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣé kí a lò ó? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Alàgbà Modena: Ẹ kú ewu ọmọ. Orúkọ ọkùnrin ni Andrea ní Ítálì, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin. Òun náà ni Áńdérù, arákùnrin Pétérù, tí a ń kà nínú Bíbélì, ẹni tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Padova tí ẹ wà yìí gan-an ni wọ́n ti bí Andrea Palladio, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, ní ọdún 1508. Orúkọ tó níyì ni, ẹ sọ ọmọkùnrin yín bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tolú: Ẹ kú ewu ọmọ o, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ ní Andrea. Torino ni a ti fún ọmọkùnrin wa ní orúkọ yìí, inú wa sì dùn sí i títí a fi kó lọ sí London. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ló ń rò pé obìnrin ni: ilé-ìwé kọ ọ́ mọ́ àwọn ọmọbìnrin, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi ń sunkún pé òun kò jẹ́ ẹ mọ́. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ nìkan ló ń dáhùn báyìí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Brescia: Màmá Tolú, ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ àwọn ará London kì í ṣe ẹ̀bi orúkọ. Orúkọ ọkùnrin ni Luca, Nicola àti Mattia náà ní Ítálì, kò sì sí olùkọ́ tí yóò ṣì wọ́n mú níbí.

Ìyá Tolú: Ta ni nínú wa ló mọ ilẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ yóò dàgbà sí? Mélòó nínú àwọn tí a jọ wà ní Torino ni kò kó lọ sí Ìlú Ọba lẹ́yìn tí wọ́n gba ìwé ọmọ Ítálì? Orúkọ obìnrin ni Andrea níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Jámánì àti Sípéènì.

Bàbá Ẹniọlá: Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù. Nicola ni ọmọkùnrin tèmi ń jẹ́, a sì ń múra láti kó lọ sí Manchester. Ṣé a lè yí i padà?

Akọ̀wé Bologna: Ẹ má jẹ́ kí ilé-ìwòsàn kán yín lójú. Bí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni òfin fún yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ ní bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Comune, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ lè sọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, kí ẹ tó lọ. Òfin ibẹ̀ kò sì gbà kí ọmọ jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ tó wà láàyè.

Àdùkẹ́ Verona: Kò tíì sí ẹni tó béèrè bóyá ọmọkùnrin ni tàbí ọmọbìnrin. Òfin ọdún 2000 sọ pé orúkọ gbọ́dọ̀ bá ọmọ mu, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìdí sì nìyẹn tí àwọn akọ̀wé Comune fi máa ń kọ̀ láti fi Andrea sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2012, Cassazione, ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún ìpẹ̀jọ́ ní Ítálì, ní Róòmù dájọ́ pé ọmọbìnrin lè jẹ́ ẹ.

Alàgbà Modena: Ilé-ẹjọ́ lè gbà á, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni gbogbo ará àdúgbò yóò máa retí bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Bí obìnrin bá ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá òmíràn.

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Obìnrin ni ọmọ wa. Ìyá ìyàwó mi ṣaláìsí ní ọdún tó kọjá, Yétúndé ni yóò sì máa jẹ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò fẹ́ fi Andrea sílẹ̀ rárá. Andrea Yétúndé ni a ó kọ sí ìwé ní Comune lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ.