Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà: ìrírí wa lórí bí ara ṣe ń le dọjọ́ alẹ́

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Pàkàtà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú déédé àsìkò yìí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gbé wá bá mi jù ni pé, "Màmá, kí la lè máa fún bàbá wa lò kí ara wọn le? Àgbo wo ló dáa?" Inú mi máa ń dùn pé wọ́n ń ro ti òbí wọn. Àmọ́ kí n tó dá wọn lóhùn, èmi náà máa ń bi wọ́n pé: kí ni Bàbá ń ṣe láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú? Ohun tí mo sì máa ń gbọ́ ni pé, "Wọn kì í ṣe nǹkan kan mọ́ o. A ti ní kí wọ́n máa sinmi."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní Ìlọrin wa yìí, ọmọ tó bá ti rí jájẹ máa ń fẹ́ kí òbí òun jẹun ọmọ. Yóò ra àga ìrọ̀gbọ̀kú, yóò gba ọmọ ọ̀dọ̀, yóò ní kí ìyá òun má dé ọjà Ìpàtà mọ́, kó má fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, kó má fọ abọ́. Ìfẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa bú u. Àmọ́ iṣan ara tí a kò bá lò, ṣe ló ń joro. Láti nǹkan bí ọmọ 40 ọdún ni iṣan ti ń dín díẹ̀díẹ̀ lára ènìyàn, tó bá wá kọjá 60, á yára sí i. Àgbà tó bá jókòó sójú kan, kò ní pẹ́ tí itan rẹ̀ á fi gbẹ, kò ní lè dá dìde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní ogbó ló dé. Ogbó ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń ta ẹ̀kọ. Nígbà tí àkọ́bí wọn ti Àbújá dé, ó ní iṣẹ́ tó, kí wọ́n jókòó gbàdúrà fún òun. Kí ọdún tó yí po, ìyá tó ń dá ìkòkò ògì sọ̀ kalẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n ń fà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò títí, wọn ò rí àrùn kan gúnmọ́. Oní fisíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara, tó yẹ̀ wọ́n wò ló sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ padà fún wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ ń jókòó sórí àpótí, wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé díẹ̀ lọ fún àwọn oníbàárà tó wà nítòsí. Lónìí, wọn ò tíì rí bíi tàtijọ́, àmọ́ wọ́n ń dá wẹ̀, wọ́n ń dá lọ síbi ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ.

Ẹni tó bá rò pé ó ti pẹ́ jù fún òbí òun, kó gbọ́ èyí. Lọ́dún 1990, àwọn dókítà kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Àwọn arúgbó tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 90, tí wọ́n wà nílé ìtọ́jú, ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, agbára itan wọn ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ẹni 90 ọdún o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin náà fojú rí nílé yín.

Ọmọ Àáfáà, Gérí Àlímì

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo rí lára bàbá bàbá mi ni mo fẹ́ sọ. Àdúrà Àṣùbáà kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn lọ. Wọn ò jókòó kírun rí. Orí ẹní ni wọ́n ti ń jẹun, orí ẹní ni wọ́n ti ń kéwú fáwọn ọmọ kéékèèké, tí wọ́n bá sì fẹ́ dìde, wọn kì í wá ẹni tó máa fà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Rákáà 17 ló wà nínú ìrun ọ̀ranyàn márààrún ojúmọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni iwájú orí ń kanlẹ̀ nínú rákáà kọ̀ọ̀kan. Ìdúró, ìtẹ̀ba, ìforíkanlẹ̀, ìjókòó, ìdìde. Ẹni tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré dọjọ́ ogbó, orúnkún, ìbàdí àti ẹ̀yìn rẹ̀ ò lè gbàgbé iṣẹ́ wọn bọ̀rọ̀. Ìjọsìn la fi ń ṣe, ti Ọlọ́run ni, àǹfààní ara kàn bá a wá ni.

Dókítà kan ní Brazil, Claudio Gil Araújo, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 80 jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì dìde láìfọwọ́ ti nǹkan. Wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2012. Àwọn tí ìdìde ṣòro fún ni ikú mú jù láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní oògùn o. Agbára ẹsẹ̀, ìrọ̀rùn oríkèé àti ìdúró tí kò mì ni ìdìde yẹn ń fi hàn.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé àwọn tí kò tíì pé 60 ti ń sáré wá àga sínú mọ́ṣáláṣí tí orúnkún bá ti dùn wọ́n lọ́jọ́ kan. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè kó jókòó, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ kí ẹni tó bá ṣì lè ṣe é máa ṣe é, kí ẹni tí orúnkún ń dà láàmú sì lọ fi han dókítà kó tó jókòó sórí àga títí ayé.

Ọmọ Ìgbómìnà, Òmù-Àrán

Ti ìgò tí wọ́n ń pè ní "àdáyébá" lèmi bá wá. Làkúrègbé ń ṣe bàbá mi, iṣẹ́ oko iṣu àti kaṣú ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo, wọ́n ra àgbo kan lọ́wọ́ ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó ní gáreèjì. Ẹ̀yin ará, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìrora náà fi pòórá. Bàbá ń jó! Wọ́n rán mi pé kí n ra púpọ̀ sí i.

Èmi ni kò balẹ̀, torí mi ò tíì rí ewé tó ń yára báyẹn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú wọn wú, ó rí róbótó bí òṣùpá, ikùn wọn yọ, ẹsẹ̀ wọn sì tín-ín-rín. Òùngbẹ ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sókè. Dókítà ní bí ara wọn ṣe rí yẹn jọ ti ẹni tó ń lo oògùn òyìnbó irú dexamethasone, pé àwọn kan máa ń lọ̀ ọ́ sínú àgbo kí oníbàárà lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó tún kìlọ̀ pé kí a má dá a dúró lójijì, torí ara tó ti mọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dákú tí a bá já a gbà lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi dín in kù.

Mi ò kórìíra ewé o. Ewúro, efinrin, atalẹ̀, gbogbo ẹ̀ la ń jẹ nílé. Àmọ́ ewé tí mo já lẹ́yìnkùlé mi, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ka ara àwọn ìgò tó ní nọ́ńbà NAFDAC pàápàá dáadáa: wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò. Nọ́ńbà yẹn kò ní kó wo àrùn sàn.

Bàbá ṣì ń lọ sóko. A ti dín ebè tí wọ́n ń kọ kù, a sì gbé ọkọ́ tó fúyẹ́ fún wọn. Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná la fi ń jó orúnkún wọn nírọ̀lẹ́. Ìrora náà ò lọ tán, àmọ́ wọ́n ń rìn.

Oníwàrà, Gàmbàrí

Ẹ̀yin ò tíì mẹ́nu ba oúnjẹ. Ẹni bá fẹ́ kí iṣan àgbà dúró, kó wo ohun tó wà nínú abọ́ wọn. Nílé tó pọ̀, ògì láàárọ̀, búrẹ́dì àti tíì lọ́sàn-án, àmàlà kékeré lálẹ́, ẹran kan tí wọn ò sì ní lè jẹ torí eyín. Níbo ni iṣan ti fẹ́ rí ohun tó máa fi kọ́ ara rẹ̀? Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní arúgbó nílò purotéènì ju ọ̀dọ́ lọ, bíi gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n lójúmọ́. Ẹni tó bá wọn kílò 60 á nílò gíráàmù 60 ó kéré tán. Ẹyin kan, bíi gíráàmù 6 ló ní. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ní ìṣòro kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó fi kún un.

Kò sì gba owó ńlá. Wàrà wà, tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi omi ewé bọmubọmu dì, ó rọ̀ lẹ́nu. Bẹ́skẹ̀ tí wọ́n ń fi sóyà ṣe wà. Ọ̀ọ̀lẹ̀ wà, gbẹ̀gìrì wà, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ wà. Àwa kì í fún ìyá ọkọ mi ní ògì lásán mọ́, ọ̀ọ̀lẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan tí kò kún bo etí. Kúùbù magí tí a ń dà sọ́bẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Irú tó dáa ń ta sánsán, ó sì ń jẹ́ kí ẹnu gbàgbé magí.

Ọmọ Tankẹ

Ẹ dákun, màmá mi ń mu sóbò láràárọ̀, wọ́n ní ó ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn sàn, wọn ò sì fẹ́ lo oògùn mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Pàkàtà

Ọmọ mi, ìdajì rẹ̀ lòótọ́. Ìsápá pupa ni sóbò, àwọn oníwádìí sì ti rí i pé ó lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Tí wọn ò bá da ṣúgà sí i, ohun mímu tó dáa ni. Àmọ́ ẹni tó bá ṣíwọ́ oògùn rẹ̀ lójijì nítorí sóbò lè ti ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ rọpárọsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fi ojú lásán mọ̀. Ẹ wọn ìfúnpá wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà, ẹ sì sọ fún un pé wọ́n ń mu sóbò.

Àrẹ̀mọ Ọ̀ffà

Bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ìdí ọlọ́pọ́n ayò ni wọ́n máa ń wà nírọ̀lẹ́, ẹnu wọn kì í dákẹ́. Nígbà tó yá, wọn ò lọ mọ́. Wọ́n á jókòó sínú yàrá, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. A ní àgbà ti ń dé, ìyè wọn ti ń rá. Àbúrò mi obìnrin ló fura pé wọn ò gbọ́ ohun tí a ń sọ mọ́ ni, pé ojú ń tì wọ́n láti máa sọ pé "kí lo wí?" nídìí ọpọ́n. A gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò etí. Wọ́n yọ ìdọ̀tí tó ti le síbẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún etí kan. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe padà sídìí ọpọ́n!

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan lórí àwọn tó ti pé 65 sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003 láwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Kwara wa náà wà níbẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ ṣe ni ìyè wọn máa ń rá jù. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń wá oúnjẹ àti eré ìmárale, ẹ wo etí wọn, ẹ wo ojú wọn. Tí ohun funfun bá ti bo ẹyinjú, ẹ má gbé wọn fún àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ tì í wọnú. Ilé ìwòsàn ojú ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.

Ọmọ Tankẹ

Ẹ ṣé gan-an ni. Màmá mi yìí, wọn kì í sì í dìde púpọ̀ mọ́. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Pàkàtà

Ẹ wọn ìfúnpá ná. Tó bá dáa, ẹ wá àga tó ní apá, tó ga díẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kó má baà yọ̀. Kí Màmá sún bọ́ sétí rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì rọra jókòó padà. Ìjókòó wọ̀ọ́ kò ṣe wọ́n láǹfààní, rírọra sọ̀ kalẹ̀ yẹn ló ń kọ́ itan. Tí agbára ò bá tó, kí wọ́n fọwọ́ ti apá àga. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un bó bá ṣe ń rọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n di etí tábìlì mú, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fẹ́ fún àgbà ni ìrìn tàbí iṣẹ́ tó ń mú èémí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, àti ìdánrawò ìdúró àti agbára bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ẹ má fi lé wọn lórí lọ́jọ́ kan.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ kúrò, ẹ tan iná sọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, kí wọ́n sì jù sílípáàsì tó ti jẹ nísàlẹ̀ nù. Bí òòyì bá kọ́ wọn tàbí àyà ń dùn wọ́n, kí wọ́n jókòó, kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí wọ́n bá ti lè dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, ẹ padà wá sọ fún mi, màá sọ èyí tó kàn.