Ẹ bá mi tọpa bàbá ńlá mi tó jagun Kírìjì

Ọmọ Òkèsà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ni mò ń wá. Wọ́n ní Ìbàdàn kó o lẹ́rú nígbà tí wọ́n fọ́ Iléṣà lọ́dún 1870, pé ó sá wálé, ó sì bá Ògèdèǹgbé, olórí ogun Ìjẹ̀ṣà, lọ sí Kírìjì, ogun tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà. Àjàní, oríkì rẹ̀, nìkan ló kù lẹ́nu wa. Ó ń dùn mí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìjámọ̀: Ọmọ mi, má tíì wá ìwé. Àwọn ọmọ-osú, ìyẹn àwọn obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé yín, ni kó o kọ́kọ́ lọ bá. Tan fóònù rẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, má sì já lu ọ̀rọ̀ wọn. Inú oríkì lo ti máa gbọ́ ibi tí wọ́n ti ṣí wá, èèwọ̀ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Má fi falẹ̀, jọ̀ọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ.

Tíṣà Àgbà: Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, ṣùgbọ́n bùdó ò túká títí di 1893. Bí wọ́n bá ní "ìgbà tí ogun túká" ló délé, 1893 nìyẹn. Béèrè bóyá wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀ kó tó délé ni àbí lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹkùn Ọ̀yọ́ ni òyìnbó kó Iléṣà sí, má fi orúkọ Iléṣà nìkan wá a. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni kó o béèrè: ẹni tó ń du ilẹ̀ á ka baba ńlá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ tirẹ̀ ló ń gbè o, fi wé ohun tí ilé sọ.

Ọmọ Ìbòkun: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ ẹrú sílẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí. Ó lè jẹ́ pé ogun ló kó baba ẹlòmíì wọ agbo ilé yín, tó sì ti dọmọ ilé. Ìyẹ̀wù ni kẹ́ ẹ ti bi àgbà kan ṣoṣo.

Ọmọ Òkèsà: Ẹ ṣé gan-an. Ìyá kan ṣì wà nílé. Kí ni kí n mú dání?

Ìyá Ìjámọ̀: Obì, àti oúnjẹ tí eyín wọn gbà. Mú ọmọ rẹ kan lọ, kó kúnlẹ̀ kí wọn. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á kì í láìjẹ́ pé o bẹ̀ wọ́n.