Líìgì tuntun fún ilé-ìwé girama aládàáni 6: níbo ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀?

Kóòṣì Ọmọbìnrin
Ẹ kú ojúmọ́ o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní básíkẹ́ẹ̀tì nílé-ìwé aládàáni kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ọmọ 11 péré ni mo ní. Nínú líìgì tí a wà, àwọn tó pọ̀ jù wá lọ ní ìlọ́po mẹ́rin là ń bá figagbága, ibẹ̀ sì jìn. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, aago 12 ti lù kí òbí tó gbé ọmọ tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn sùn lọ lórí ìwé ìdánwò. Ó dùn mí wọra. Ilé-ìwé 6 tí a sún mọ́ra fẹ́ dá tiwa sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, kí la máa kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí? Ṣé kò ní dí wa lọ́nà ìdíje ìpínlẹ̀?

Alábòójútó Eré Tẹ́lẹ̀
Kóòṣì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò ní dí yín lọ́nà. IHSA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó eré ìdárayá ilé-ìwé girama ní Illinois, fúnra rẹ̀ ló ń pín ilé-ìwé sí ìpele. Iye akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wò, kì í ṣe líìgì. Òfin ìlọ́po 1.65 tó ní fún àwọn ilé-ìwé tó ń gba ọmọ láti ibi gbogbo, èyí tó ń fi 1.65 sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn di púpọ̀ kó tó pín wọn, ṣì wà níbẹ̀, líìgì tuntun kò yọ yín nínú rẹ̀.

6 dára. Bí ẹ bá pàdé ara yín lẹ́ẹ̀mejì, nílé tiyín àti nílé tiwọn, ìdíje 10 ló kan ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá di 7, ẹnìkan á máa jókòó sílé nígbà gbogbo. Ẹ̀dínwó owó ilé-ìwé ni ìjà gidi. Nínú líìgì tí mo bójú tó, ọdún kejì ni ilé-ìwé kan fi ẹ̀dínwó kó ọmọ gíga mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù kò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ẹ tó yan orúkọ líìgì yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìní ìdílé nìkan lẹ ó fi máa dín owó, kí kóòṣì má sì mọ̀ sí i.

Ìyá Eléré
Aago ńkọ́? Ọdún mẹ́rin ni ọmọ mi fi gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Aago 4:30 ni wọ́n máa ń fi àwọn obìnrin sí, kí àwọn ọkùnrin lè gba 7. Èmi ṣì wà níbi iṣẹ́. Ìdíje rẹ̀ tí mo fojú rí kò ju mẹ́fà lọ. Ẹ dákun, ẹ fi í sínú òfin pé kí wọ́n máa pààrọ̀.

Onífúútúbọ́ọ̀lù
Ẹ lè fi eré kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Chicago Catholic League àti East Suburban Catholic Conference, líìgì ilé-ìwé Kátólíìkì méjì ní agbègbè Chicago, pa fúútúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wọn pọ̀ ní 2019 láìtú líìgì méjèèjì ká.

Kóòṣì Ọmọbìnrin
Mo dúpẹ́ gidigidi. Ìyá Eléré, ọ̀rọ̀ yín gbà mí lọ́kàn. 4:30 ni tiwa náà. Ohun tó ń mú bọ́ọ̀sì pẹ́ nìyẹn: àwọn ọmọ mi á gbá tán, wọ́n á wá jókòó de àwọn ọkùnrin. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọ̀gá ilé-ìwé 6 náà máa pàdé. Aago àti bọ́ọ̀sì ni màá kọ́kọ́ gbé síwájú wọn, kí n tó kan ọ̀rọ̀ owó.